Ẹ Má Da Òróró Sétí Ọmọ Yẹn

Òru ni etí máa ń ro ọmọdé jù. Bó bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, ẹkún ti dé. Ìyá á gbé e nàró, á rọlẹ̀ díẹ̀. Á fún un lọ́mú, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á tu ú sílẹ̀, á tún figbe ta. Ara rẹ̀ á gbóná. Bàbá á dìde jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá àgbà á ti yàrá kejì sọ pé eyín ló ń hù. Tó bá wá di òru kejì tàbí ìkẹta, ẹkún á dá wáí. Ọmọ á sùn fọnfọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn á bá ọyún lórí aṣọ tí wọ́n tẹ́ fún un, inú gbogbo ilé á sì dùn pé ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti jáde, àìsàn ti bọ́.

Kò tíì bọ́. Awọ tó wà nínú etí rẹ̀ ló ti lu, ọyún tó há sẹ́yìn rẹ̀ sì ráyè jáde. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi lọ. Àárọ̀ yẹn ni ìtọ́jú etí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀, àárọ̀ yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ òbí ń gbàgbé rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní Ilua, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo máa ń rí àwọn ọmọ yìí jù, bẹ́ẹ̀ torí etí kọ́ ni wọ́n ṣe wá. Àbúrò tó wà lẹ́yìn ni wọ́n gbé wá gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó di ìró ìyá rẹ̀ mú ni eṣinṣin ń bà lé létí. Bí mo bá ní, "Màmá, etí èyí ńkọ́?" ìdáhùn tí mo sábà ń gbọ́ ni pé, "Haa, Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ ti pẹ́. Ó máa ń wá, ó tún máa ń lọ. Wọ́n ní ó máa dàgbà kúrò níbẹ̀." Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ni, àwọn ọmọ tí òbí wọn gbà á gbọ́ sì ti dàgbà, wọ́n wà nínú ọjà wa lónìí, tí èèyàn ní láti pè nígbà mẹ́ta kí wọ́n tó wẹ̀yìn.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo abiyamọ gbà lọ́wọ́ mi ni pé etí tó ń ṣọyún, gbígbẹ ló ń fẹ́. Kò fẹ́ kí a da nǹkan sí i.

Etí tí à ń rí lóde yìí, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ihò rẹ̀ wọlé díẹ̀, ó sì dópin níbi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó nà tantan, tí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà kan lọ. Lẹ́yìn awọ yìí ni yàrá kékeré kan wà, afẹ́fẹ́ ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Egungun mẹ́ta tí wọ́n kéré jù nínú gbogbo ara èèyàn so kọ́ra wọn nínú yàrá náà. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Bí a bá sọ̀rọ̀, awọ á gbọ̀n, á mi egungun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, egungun á gbé e dé inú etí lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni iṣan ti ń gbé e lọ sínú ọpọlọ. Ẹni tó bá ti rí àyàn tí òjò pa ìlù rẹ̀ á mọ ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ: bí awọ dùndún bá ti rin, bó ti wù kí ọwọ́ àyàn mọ́ ọn tó, kò ní fọhùn, àfi kó kọ́kọ́ sá a sóòrùn. Bí omi tàbí ọyún bá kún ẹ̀yìn awọ etí, bó ṣe ń rí gan-an nìyẹn.

Báwo wá ni ọyún ṣe ń débẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń dá ara wọn lẹ́bi pé omi ìwẹ̀ ló wọ ọmọ létí. Mo máa ń ní kí wọ́n fara balẹ̀. Bí awọ etí bá pé, omi ìwẹ̀ kò lè kọjá rẹ̀. Imú ni àrùn yìí ń gbà wọlé. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ti yàrá kékeré yẹn lọ já sí ẹ̀yìn imú, òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kó sì jáde, òun ló sì ń ṣí nígbà tí a bá yán tí etí wa bá dún pàà. Orúkọ Bartolomeo Eustachi, dókítà ará Ítálì kan ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni àwọn oníṣègùn fi ń pè é títí dòní. Ti àgbàlagbà gùn, ó sì dagẹ̀rẹ̀, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ á tètè ṣàn jáde. Ti ọmọdé kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja. Bí ọ̀fìnkìn bá mú ọmọ, ihò yìí á wú, á dí, ikun á há sẹ́yìn awọ, kòkòrò àìfojúrí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn kòkòrò náà, Streptococcus pneumoniae, òun kan náà ló ń fa òtútù àyà.

Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá ti dé sí Òkè-Ògùn, tí eruku bo ojú ọ̀nà, tí imú gbogbo ọmọ ń ṣomi, èmi ti mọ̀ pé etí ń bọ̀ lẹ́yìn. Èéfín sìgá nínú ilé ń dá kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni igò wàrà tí a fi há ọmọ lẹ́nu ní ìdùbúlẹ̀. Àti àṣà kan tí mo fẹ́ kí a fi sílẹ̀ pátápátá: kí a tẹ́ ọmọ sórí itan, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, kí a máa fi àgbo tàbí ẹ̀kọ rọ ọ́, bó ti ń ké. Ohun tí kò bá gba ọ̀fun lọ á gba imú, ó sì lè bá ibẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn etí tàbí sínú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó burú jù. Ẹ gbé ọmọ nàró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un ní ohunkóhun. Ọmọ tó bá ń mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kì í sábà ní etí ríro tó ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ kò ní sọ pé etí ń ro òun. Ẹ wò ó bó bá ń fa etí, bó bá ń ṣe kanra, bí kò bá fẹ́ dùbúlẹ̀, bí ọmú fífà bá ń dùn ún, bí ara rẹ̀ bá gbóná lẹ́yìn ọ̀fìnkìn. Kí a tó sọ pé eyín ni, ẹ gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ohun tí à ń dà sí i. Mo ti bá òrí yíyọ́ nínú etí ọmọ. Mo ti bá àdín, epo pupa, omi àlùbọ́sà, omi ọmú, oje ewé oríṣiríṣi. Mo ti bá kẹrosíìnì. Mo ti bá ẹ̀tù inú kápúsù tí ẹnì kan tú dà sí i títí ó fi di ìpẹ́ tó le. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, torí ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, ẹni tó ń ṣe é sì ti rí i lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà kan bi mí bó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa pé, "Nọ́ọ̀sì, òrí yìí náà kọ́ ni wọ́n fi tọ́ ìwọ náà dàgbà? Ìgbà wo ló di májèlé?"

Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe májèlé o. Ẹ fi pa á lára, ẹ fi ra ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ etí yìí ti lu. Ohun tí ẹ bá dà sí i kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́, inú lọ́hùn-ún ló ń lọ, ó sì ń kó ìdọ̀tí dání. Bó bá sì ti ń rin níbẹ̀, àwọn kòkòrò yẹn ò ní kúrò."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Kí la ó wá fi sí i?"

Mo ní, "Aṣọ funfun ni, ìyá."

Mo sì fi hàn án lára ọmọ náà, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin. Aṣọ òwú funfun tó ti gbó, tó rọ̀, tí a fọ̀ tí a sá gbẹ sóòrùn, la gé pélébé pélébé. Mo fọ ọwọ́ mi tọṣẹtọṣẹ. Mo mú igun kan lára aṣọ náà, mo ká a láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá títí ó fi ṣóńṣó, tó lè dá dúró. Ìyá ọmọ gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ kan di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà, ó kọ etí tó ń ṣọyún sí ojú ìmọ́lẹ̀. Mo fa etí náà sẹ́yìn díẹ̀ kí ihò rẹ̀ lè tọ́, mo rọra ti ṣóńṣó aṣọ náà wọlé títí ó fi kan ibi tó rin, mi ò tì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi sílẹ̀ díẹ̀ kó lè mu ọyún. Nígbà tí mo fà á jáde, ó rin gbindin, ó pọ́n rúsúrúsú, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Ìyá rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kó má yíjú, kó wò ó dáadáa, torí òun ni yóò máa ṣe é nílé. Mo sọ ti àkọ́kọ́ nù, mo ká òmíràn. Èkejì rin, ìkẹta rin díẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Mo fà á títí aṣọ fi jáde bó ṣe wọlé, láìsí àbàwọ́n kankan. Ọmọ náà kò tilẹ̀ ké mọ́ nígbà yẹn, aṣọ tí mo ń ká ló ń wò.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó kéré tán. Lójoojúmọ́, títí etí yóò fi gbẹ, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò náni ní kọ́bọ̀, àmọ́ ó gba sùúrù, mo sì mọ̀ pé ìyá tó ń lọ sóko ní ìdájí, tó ń dé ní ìrọ̀lẹ́, kò rọrùn fún un. Ẹ kọ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ tó ti gbọ́njú kó máa ṣe ti ọ̀sán. Ẹ má fi aṣọ tàbí òwú sílẹ̀ sínú etí kó sùn tì í. Ẹ má lo ìṣáná, ìyẹ́ adìyẹ, píìnì irun, tàbí igi olówùú tí wọ́n ń tà lọ́jà. Tíṣù tó fẹ́lẹ́ jù máa ń já sínú etí, ẹ fi í sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ ọmọ, ẹ fi fasilíìnì pa òwú díẹ̀, ẹ fi dí ẹnu etí, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ìwẹ̀. Odò wíwẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Oògùn ńkọ́? Ọjọ́ tí ọyún ti ń jáde ló ń pinnu rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ìbéèrè yẹn. Bí kò bá tíì pé ọjọ́ 14, tàbí tí etí kàn ń ro tí kò tíì ṣọyún, amọkísílìn la sábà ń fún ọmọ fún ọjọ́ 5, ní ìwọ̀n tó bá ìwúwo rẹ̀ mu, pẹ̀lú parasítámọ̀ fún ìrora àti ibà. Ẹ fún un tán. Bí ara rẹ̀ bá yá lọ́jọ́ kejì, ẹ má tọ́jú ìyókù pamọ́ fún àbúrò. Púpọ̀ nínú awọ tó lu báyìí máa ń padà dí fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí etí bá gbẹ.

Bó bá ti pé ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Oògùn ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Fífi aṣọ fà á gbẹ ni olórí ìtọ́jú, kí a tó wá kán oògùn bíi ciprofloxacin sí i lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òun nìkan ni ohun tí mo lè gbà kó wọ etí tó lu, ẹni tó ti yẹ etí náà wò ló sì gbọ́dọ̀ sọ pé kẹ́ ẹ kán an. Oògùn ò kàn jọ oògùn torí pé inú ìgò kékeré ni gbogbo wọn wà. Gẹntamáísìn tí àwọn kan ń rà ní ṣọ́ọ̀bù lè ba inú etí lọ́hùn-ún jẹ́ bó bá gba ojú awọ tó lu wọlé, èyí tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà. Inú máa ń bí mi bí mo bá rí ìyá tó ti ná owó gàrí rẹ̀ sórí oògùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi aṣọ funfun dúró tì. Bí ẹ̀yìn etí bá wú, tó ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tó sì ti etí síwájú. Bí ọrùn ọmọ bá le. Bí gìrì bá mú un. Bó bá ń bì léraléra tí kò sì mọ ibi tó wà. Bí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan bá wọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Ọyún ti ń jẹ wọ egungun tàbí ọ̀nà ọpọlọ nìyẹn. Àwọn tó bá rò pé ọmọ tálákà nìkan ni èyí lè pa, ẹ gbọ́ ti Oscar Wilde, òǹkọ̀wé ọmọ Ireland tí gbogbo ayé mọ̀. William Wilde, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn dókítà etí ní Dublin, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí àrùn etí ní 1853. Etí tó ti ń da Oscar láàmú tipẹ́ ló ran ọpọlọ rẹ̀, ó sì kú ní Paris lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá, 1900. Kò sí oògùn apakòkòrò nígbà náà. Ó wà nísinsìnyí, síbẹ̀ nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2004, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jìdínlọ́gbọ̀n èèyàn (28,000) ni etí tó ń ṣọyún ń pa lọ́dọọdún kárí ayé.

Àmọ́ ikú kọ́ ni mo ń rí jù. Ohun tí mo ń rí jù ni ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní etí rẹ̀ ń rùn. Tíṣà ń sọ̀rọ̀ níwájú, ọ̀rọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àbọ̀. Wọ́n pè é, kò dáhùn, wọ́n ní agídí ni, wọ́n nà án. Ó dé ilé, wọ́n rán an níṣẹ́, ó mú nǹkan mìíràn wá, wọ́n tún nà án. Nígbà tó bá yá, kò ní bá àwọn ọmọ ṣeré mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, kẹ́ ẹ tó na ọmọ tí kì í dáhùn, ẹ kọ́kọ́ pa rédíò, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí yín, ẹ pè é ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ ṣe é lápá ọ̀tún, ẹ ṣe é lápá òsì. Bí kò bá gbọ́, ilé ìwòsàn ló yẹ kó lọ. Ti ọmọ tó wà láàárín ọdún kan sí mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù, torí ìgbà yẹn ló ń fi etí kó èdè jọ. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2016 sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ìgbọ́ràn wọn dínkù, ohun tí a lè dènà ló fa ti ọgọ́ta. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ níbẹ̀, bíi tiwa, ó tó 75.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà lára ohun tí a lè fi dènà rẹ̀. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ alápá márùn-ún ní 2012, ó sì bẹ̀rẹ̀ ti pneumococcus, tó ń bá kòkòrò òtútù àyà àti etí yẹn jà, ní ìparí 2014. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá la ń gba méjèèjì. Ti ìgbóná èèyì tẹ̀lé e ní oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fojú kéré ìyẹn, torí etí wà lára ibi tí èèyì sábà máa ń kọlù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ìyá láti gáà Fúlàní tó wà lẹ́yìn ìlú máa ń rìn wá gbà á, nígbà tí ẹlòmíràn tí ilé rẹ̀ wà létí ibi iṣẹ́ wa ń sọ pé ọjà ni òun ń lọ.

Bí awọ bá kọ̀ tí kò dí, iṣẹ́ abẹ wà fún un. Ní UCH Ìbàdàn, ọsibítù tí wọ́n ṣí ní 1957, àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun wà níbẹ̀ tí wọ́n lè mú awọ díẹ̀ lára èèyàn fúnra rẹ̀, lókè etí, kí wọ́n fi lẹ ihò náà. Wọ́n máa ń fẹ́ kí etí ti gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dáwọ́ lé e. Ẹni tó bá gbéra láti Ilua, tó wọkọ̀ ní Òkèhò dé Ìsẹ́yìn, tó gba Mọ́níyà wọ Ìbàdàn, tí ọyún sì ń ṣàn létí ọmọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kó lọ gbẹ ẹ́ ná kó tó padà wá. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á nílé kẹ́ ẹ tó san owó ọkọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọyún kọ́kọ́ jáde sílẹ̀, ẹ kó gbogbo ìgò oògùn tí ẹ ti lò dání, kẹ́ ẹ sì sọ fún tíṣà rẹ̀ kó gbé ìjókòó ọmọ náà wá síwájú títí ẹ ó fi lọ tí ẹ ó fi bọ̀.